Ẹni Tó Kẹ̀yìn sí Sinimá

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Màmá Tọ́ọ̀ṣì ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé sinimá, kò sì tíì wo fíìmù kan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń ṣọ́ àwọn tó ń wòran, ìran kọ́ ni tirẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ ló là á mọ́lẹ̀ fún un lọ́jọ́ kìíní: "Ìwọ obìnrin yìí, èrò ni kó o kọjú sí. Ẹ̀yìn rẹ ló máa wo sinimá." Ọ̀gá náà ti kú, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti jẹ ọ̀gá lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn Màmá Tọ́ọ̀ṣì ṣì ń wo sinimá.

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, lábẹ́ sikirínì gan-an, ló máa ń dúró sí, tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́, bàtà rírọ̀ lẹ́sẹ̀ kó má baà dún. Láti ibẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tan fóònù, ńṣe ni ojú onítọ̀hún á mọ́lẹ̀ rekete láàárín òkùnkùn. Ìlànà ibẹ̀ kò le. Lẹ́ẹ̀kíní, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹni náà lẹ́sẹ̀, kó má tàn án sí i lójú. Lẹ́ẹ̀kejì, kó bẹ̀rẹ̀, kó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìta. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ńṣe lẹni náà gbé fóònù sókè tó ń ya fíìmù, kò sí pé à ń pa á lówe: kó yára fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

Kí ni kò tíì rí? Ó ti rí ọkùnrin tó ń pariwo sórí fóònù pé, "Mi ò lè sọ̀rọ̀ báyìí, inú sinimá ni mo wà!" tó sì fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé pé òun ò lè sọ̀rọ̀. Ó ti rí ìyàwó tó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, tí gbogbo ìlà náà sì ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti rí ẹni tó bọ́ bàtà, tó gbé ẹsẹ̀ lé èjìká àga iwájú, òórùn ibọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì lé ìdílé kan dìde. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń bínú. Nígbà tó yá, inú tó fẹ́ bí i gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Bó bá délé, tó bá ri ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná, a máa bá ara rẹ̀ tó ń sọ pé "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa fóònù yín" fún bàsíà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn ni fíìmù tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ dé. Aránṣọ ni ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó ń rán aṣọ fún àwọn eléré ló mú un mọ wọn, ni wọ́n bá fi í ṣe nọ́ọ̀sì. Kò ju ká ṣẹ́jú mélòó kan lọ: ó máa ṣílẹ̀kùn, ó máa pe ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó máa mú un wọlé. Ó tán. Ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ni ọmọ náà fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, tó ń ṣí i, tó mú ṣíbí dání bíi gègé, tó ń pe ìkòkò wọlé.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ rí mi?"

Ká sọ tòótọ́, ohùn ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn ara rẹ̀ kedere, inú rẹ̀ dùn débi tó fẹ́ yíjú, àfi bí obìnrin kan ní ìlà kejì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná fóònù wá yẹtí rẹ̀ tó já bọ́ sábẹ́ àga. Nígbà tí yẹtí fi jáde, nọ́ọ̀sì ti wọlé lọ. Ó yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ọmọ náà sì ń wò ó lójú bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

"Mo rí ẹ, ọmọ mi. O ṣe é dáadáa."

"Aṣọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó bá mi mu?"

"Funfun yẹn? Ah, ó bá ẹ mu o! Àfi bíi nọ́ọ̀sì tòótọ́."

Ọmọ náà yí ojú kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Mọ́mì," ló wí, ló bá kó àwo wọ ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ rò pé ojú ló ń tì í.

Ọjọ́bọ̀ ni àṣírí tú. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò ní àgádágodo, ti yọ́ wọlé lọ wo fíìmù náà. Ó dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ìyá nọ́ọ̀sì! Àwọ̀ ewé yẹn mà yẹ ọmọ ẹ o!"

"Àwọ̀ ewé wo?"

"Aṣọ rẹ̀ ni. Àbí ojú ẹ ò rí àwọ̀ mọ́ ni? Ewé tútù ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀ wọ̀."

Ara Màmá Tọ́ọ̀ṣì tutù. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ò tiẹ̀ lọ ju ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ tí òtítọ́ fi bá a. Ọmọ náà ti mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìdí nìyẹn tí kò fi béèrè ohunkóhun mọ́, tó kàn ń kí i káàbọ̀, tó ń gbé oúnjẹ fún un. Ó dun ìyá náà wọra. Inú gbọ̀ngàn kan náà ni òun àti ọmọ rẹ̀ tó wà lójú sikirínì jọ ń wà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, òun ò sì lè yí ọrùn padà.

Ó fẹ́ jẹ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó la ẹnu, ó ní, "Ṣé iyọ̀ ò ti tán nílé?" Ọmọ ní iyọ̀ wà.

Ló bá pinnu pé òun á kọ́kọ́ wò ó, kí òun tó bẹ ọmọ òun, kí ẹ̀bẹ̀ náà lè ní ìdí kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ. Ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tó lè gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, bí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn náà ṣe ń yọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń ja fóònù gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nítorí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí rẹ̀. Ìta ló ti bá wọn parí ìjà. Ó padà wọlé, orí títì ni fíìmù wà. Ọ̀gá sì ti sọ pé èrò ò wá wo fíìmù yẹn tó: agogo méjì ọ̀sán Sátidé ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn máa bọ́ sójú rẹ̀ ní agogo márùn-ún.

Sátidé pé. Èèyàn tó wọlé ò ju ọgbọ̀n lọ. Màmá Tọ́ọ̀ṣì lọ yíká, ó bẹ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n pa fóònù wọn, ó bẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ń tọrọ ìdáríjì. Àwọn kan tiẹ̀ ń wò ó pé kí ló ṣe obìnrin yìí lónìí. Ó padà sí àyè rẹ̀. Wákàtí kan kọjá, fóònù kankan ò tàn. Nígbà tó gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ aláìsàn nínú fíìmù, ó mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Ó rọra rìn lọ sí ẹ̀bá ògiri, ó yíjú sókè.

Ọrùn rẹ̀ dún. Ó yà á lẹ́nu bí sikirínì náà ṣe tóbi tó. Bẹ́ǹṣì rèé. Ìyá arúgbó rèé, tó jókòó, tó di báàgì mọ́ra. Ilẹ̀kùn rèé. Ọwọ́ ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"Ta ló tún ń fi iná fóònù dà wá láàmú báyìí?" Ọkùnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó tì í. Kò sí ọ̀gá kankan nínú gbọ̀ngàn náà. Bó bá dúró níbi tó wà, tó ka ení, èjì, títí dé ogún, ayé ò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ìlà kẹta, àga ìpẹ̀kun: ẹnì kan tó wọlé lẹ́yìn tí fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, tó da gèlè bo iwájú orí, gbé fóònù sókè, ó ń ya fíìmù. Màmá Tọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀ ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ó kẹ̀yìn sí sikirínì, ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà pátápátá.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á."

Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn kan bú jáde, ó kún gbogbo gbọ̀ngàn: "Ẹni tó kàn dà? Ìyá, ẹ̀yin ni. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ẹ jẹ́ ká lọ."

Níwájú rẹ̀, lábẹ́ gèlè, ohùn kan náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé: "Mọ́mì, èmi ni."

Nígbà tó fi yíjú, ilẹ̀kùn ti tì.

Kò mọ bí òun ṣe ṣiṣẹ́ ìyókù fíìmù náà. Fíìmù tán, iná gbọ̀ngàn tàn, èrò jáde, wọ́n fi gúgúrú sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ò dìde. Ó ti ṣí gèlè, ó tẹjú mọ́ fóònù tó wà lórí itan rẹ̀.

"Àtẹ́lẹwọ́ yín ló wà níbẹ̀," ló wí. "Dúdú kirikiri. Ẹ ò tiẹ̀ fi àyè ìka kan sílẹ̀."

"Kí ló gbé ẹ wá, tó ò sọ fún mi?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa yíjú." Ó nu imú. "Ẹ sì yíjú. Mo rí yín. Ọkàn mi balẹ̀, ni mo bá ní kí n yà á, ká lè jọ máa wò ó nílé. Mi ò rò pé ẹ lè fi í sílẹ̀ tìtorí fóònù."

Ìyá rẹ̀ ò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. "Mi ò rí ẹ," ló wí níkẹyìn. "Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò rí ẹ. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì rí ẹ. Mo purọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Má bínú."

"Ká ní ẹ sọ pé ẹ ò rí mi, kò ní dùn mí. Irọ́ yẹn ló dùn mí. Mo wá ń ronú pé bóyá kò tiẹ̀ wù yín láti wò mí ni."

"Ó wù mí!" Ohùn rẹ̀ ròkè débi tó fi ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ọdún mọ́kàndínlógún nìyí tí kò tíì sọ̀rọ̀ sókè nínú gbọ̀ngàn yẹn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó wù mí ju oúnjẹ lọ. Iṣẹ́ yìí ló ti mú mi lọ́rùn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó mọ́."

Ọmọ náà ti fóònù bọ àpò. Ó dìde, ó fà á lọ́wọ́, ó fi í jókòó sórí àga tóun fúnra rẹ̀ ti dìde. Àga náà rọ̀, ó sì gbóná. Ọmọ náà wá lọ dúró lábẹ́ sikirínì, níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí gan-an. "Kò sí aṣọ aláwọ̀ ewé o," ló wí. "Ẹ máa fojú inú wò ó." Ló bá ṣí ilẹ̀kùn tí kò sí níbẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó pe ẹni tó kàn. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹrí ba díẹ̀ fún ìyá arúgbó náà kó tó gbé èjìká fún un, ó sì rọra ń rìn, bí ẹni tó mọ̀ pé orúnkún àgbàlagbà ń dùn ún. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìrìn yẹn. Ìyá rẹ̀ mọ ibi tó ti rí i: alaalẹ́ ló ń mú òun lọ sídìí bàsíà omi gbígbóná.

"Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Màmá Tọ́ọ̀ṣì wí.

Ọmọ náà padà sídìí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni onítíkẹ́ẹ̀tì yọ orí wọlé láti ẹ̀yìn. "Màmá Tọ́ọ̀ṣì! Èrò agogo márùn-ún ti kún ẹnu ọ̀nà o, oòrùn ń pa wọ́n. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n wọlé?"

Màmá Tọ́ọ̀ṣì ò bojú wẹ̀yìn.

"Ní kí wọ́n ní sùúrù," ló wí. "Mò ń wo sinimá lọ́wọ́."