Ìtàn Tó Ṣáájú Ọkọ̀ Ìràwọ̀

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Tiwaladé nígbà tí bàbá rẹ̀, Akínladé, ra síídì fíìmù kan wálé, tí wọ́n ń pè ní Ọkọ̀ Ìràwọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gbogbo ilé wò ó lọ́jọ́ yẹn. Ìtàn awakọ̀ arúgbó kan ni, tó ń kó èrò láti ayé kan dé òmíràn lójú òfuurufú, tí apá òsì rẹ̀ sì jẹ́ irin. Fíìmù náà kò sọ bí apá yẹn ṣe lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í, ọkùnrin náà á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ó ti pẹ́."

Akínladé fẹ́ràn awakọ̀ yẹn ju bó ti yẹ kéèyàn fẹ́ràn ẹni inú fíìmù lọ, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ìdí rẹ̀ nínú ilé. Bàbá tó bí i wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì, láti Kánò lọ sí Èkó, láti Kánò lọ sí Ńgúrù, ìka méjì sì ni kò sí lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Bàbá Rélùwéè ni gbogbo Sábọ́n Gàrí, àdúgbò wọn ní Kánò, ń pè é. "Iṣẹ́ ló jẹ ìka yẹn," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ nínú ẹbí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, fíìmù mìíràn jáde, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ arúgbó yẹn ṣì wà ní ọ̀dọ́. Tiwaladé ti di tíṣà nígbà náà. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, tó máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lórí Wásáàpù, á sọ fíìmù tó wò, á sọ ohun tó dára níbẹ̀ àtohun tó kù díẹ̀ káàtó. Yorùbá ló máa fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó parí, Haúsá àti Píjìn á ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà kì í fi ṣeré.

Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà rẹ̀.

"Dádì, ẹ tilẹ̀kùn. Sinimá là ń lọ."

"Ní ọ̀sán gangan?"

"Awakọ̀ yín ti padà dé."

Akínladé fọ ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó tilẹ̀kùn, wọ́n sì wọ adáídáítà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Yàhàyá aládùúgbò wọn ń wà, lọ.

Nígbà tí wọ́n jáde ní sinimá, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi dàgúnyàrò kan ní àdúgbò Brigade, níbi tí wọ́n ti ń ta másà, àkàrà ìrẹsì gbígbóná. Akínladé jẹ ẹyọ kan tán, ó mú òmíràn.

"Dádì, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Mò ń rò ó."

"Èmi ti rò ó tán." Tiwaladé nu ọwọ́ rẹ̀. "Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rù ò bà mí rárá. A ti mọ̀ pé ó máa darúgbó, nígbà tí iná wá ń jó ọkọ̀ rẹ̀, kí ni màá máa gbọ̀n fún? Ẹ tún wo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣáájú èyí tí a wò nígbà yẹn, ó wá tuntun jù ú lọ, ó ń dán bí abọ́ tásà."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni. Kò sí ìpẹtà kankan lára ẹ̀."

"Wọ́n tún sọ ibi tó ti rí fìlà tó máa ń dé. Ta ló béèrè fìlà?"

"Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ṣe é nígbà ọ̀dọ́ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe," ni Akínladé wí. "Ṣé o rí bó ṣe ń rìn? Bí arúgbó yẹn ṣe máa ń tẹ̀ díẹ̀ sápá kan gan-an. Àti ìyá rẹ̀."

Ibi ìyá yẹn ti mú omijé bọ́ lójú Tiwaladé nínú òkùnkùn sinimá. Ìyá náà jókòó ti ẹ̀rọ kan, ó ń retí ohùn ọmọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó jẹ́ pé ọdún méjì ni ọ̀rọ̀ fi ń rìn kó tó dé. Kò sí orin, kò sí ariwo. Ó kàn ń bó ẹ̀wà, ó ń dúró.

"Ibẹ̀ yẹn dára," ló wí. "Ibẹ̀ dára gan-an. Ọ̀rọ̀ apá irin yẹn ló bà á jẹ́ fún mi. Ó bá ẹranko tó tóbi bí òkè jà, ó gba odidi ìlú là, apá rẹ̀ lọ. Ó ti pọ̀ jù. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín pé 'Ó ti pẹ́', mi ò tún rí i mọ́."

"Ṣé kò wù ọ́ láti mọ̀ ni?"

"Ó wù mí. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n tán ni kò wù mí mọ́." Ó mú másà mìíràn. "Ìka Bàbá Rélùwéè ńkọ́? Iṣẹ́ wo gan-an ló jẹ ẹ́?"

Akínladé gbé másà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni.

"Mi ò béèrè rí," ló wí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè mọ̀: Alice, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Alice, tó ń gbé nítòsí Kọ́tàsì Rélùwéè, ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday, bàbá àti ọmọ gba ibẹ̀ lọ. Màmá Alice gbé fúrá, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà, fún wọn, ó béèrè àlàáfíà ṣọ́ọ̀bù, ó béèrè ìgbà tí Tiwaladé máa mú ọkọ wálé. Akínladé jẹ́ kó béèrè tán.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló gé ìka Bàbá?"

Màmá Alice gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi ń béèrè?"

"Fíìmù kan la wò."

"Fíìmù." Obìnrin náà mi orí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ni."

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni òun nígbà náà. Òun ti ń yọ Bàbá lẹ́nu pé kí ó mú òun lọ wo ọkọ̀ rẹ̀, Bàbá sì mú òun lọ lọ́jọ́ Sunday kan, bẹ́ẹ̀ òfin kò gba ọmọdé láàyè níbẹ̀. Ó gbé òun sínú wágùnù kan tó ṣófo. Bí ó ti fẹ́ gòkè tẹ̀lé òun, ó fi ọwọ́ òsì di etí ẹnu ọ̀nà mú. Òun sì rí ìkọ́ irin kan tó ń dán, òun fà á.

"Ìlẹ̀kùn irin wágùnù yẹn ló sáré wá pa dé mọ́ ọn lọ́wọ́," ni Màmá Alice wí. "Bàbá ò pariwo. Ó ní, 'Alice, má wo ibí.' Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di ọwọ́, ó kọ́kọ́ mú mi délé, ó gbé mi lé ẹnu ọ̀nà, kó tó lọ sí ọsibítù. Ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé òun lòun tilẹ̀kùn mọ́ ara òun lọ́wọ́. Ohun kan náà ló sọ fún ìyá wa. Nígbà tí mo ń sunkún, ó ní, 'Ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo máa sọ ìtàn rẹ̀ bó ṣe wù mí.'"

"Ẹ ò wá sọ fún ẹnikẹ́ni?" ni Akínladé bi í.

"Ta ló béèrè?"

Akínladé dìde, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Màmá Alice sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó ní ara òun ti fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló bínú sí wọn pé fúrá ti ń kan.

Ní ọjọ́ Sátidé, Tiwaladé gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Kò dárúkọ Bàbá Rélùwéè. Ó yin ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ ìrìn arúgbó, ó yin ìyá tó ń bó ẹ̀wà, ó ní ká dárí ọkọ̀ tó ń dán jì wọ́n. Ó wá ní àṣìṣe fíìmù náà kọ́ ni pé ó ṣàlàyé apá yẹn; àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé ohun ńlá nìkan ló lè gba apá lọ́wọ́ èèyàn. Àwọn ọ̀dọ́ bá a jiyàn títí di ìrọ̀lẹ́. Adéfẹ́mi, ọ̀kan nínú wọn, tó fẹ́ràn ẹranko yẹn, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Nígbà tí Màmá Alice gbọ́ ohùn náà lórí fóònù Akínladé, ó ní òun náà fẹ́ lọ wò ó. Wọ́n mú un lọ. Ó jókòó sáàárín wọn, ó ń béèrè orúkọ gbogbo èèyàn, ó sùn nígbà tí wọ́n ń bá ẹranko jà, ó sì jí gẹ́lẹ́ nígbà tí ìyá yẹn gbé ẹ̀wà dání.

"Obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀," ló wí bí wọ́n ti ń jáde. "Ẹranko yẹn ni mi ò mọ ohun tó wá ṣe."

Nínú adáídáítà Yàhàyá, bí wọ́n ti ń gba àdúgbò Gwagwarwa padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Bàbá ṣe máa ń fi fèrè ọkọ̀ kí ìyá wọn bó bá ti sún mọ́ Kánò, títí ọ̀gá kan fi kìlọ̀ fún un, àti bó ṣe wá ń fọn ọ́n ní kékeré lẹ́yìn ìgbà yẹn. Akínladé kò gbọ́ èyí rí. Ó fi ọwọ́ kan Yàhàyá léjìká.

"Yàhàyá, a hankali," ló wí. "Má sáré."