Ohùn Mi Há Sọ́gbà Alàgbà Látúnjí

Mo lá àlá kan lóru àná. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìrọ̀rí mi, òun náà wà níbẹ̀.

Nínú àlá náà, ilé mi ká bí ẹsẹ̀ ẹni tó lóṣòó. Yàrá wà lápá kan, ilé ìdáná wà lápá kejì, àgbàlá Alàgbà Látúnjí, aládùúgbò mi, sì ki orí bọ àárín méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wa wò.

Ebi ń pa mí. Mo pe ìyàwó mi láti yàrá: "Ìyá Gbọ́láhàn o!" Ẹ sì mọ ohùn mi. Bí mo bá sín nílé, wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́ o" ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ohùn kì í yà ní kọ́nà, tààrà ló ń lọ. Ó bẹ́ jáde lójú fèrèsé, ó fẹ́ gba àgbàlá Látúnjí kọjá. Bàbá náà gbá a mú, ó so ó mọ́ èèkàn láàárín àwọn ewúrẹ́ rẹ̀.

"Bí oòrùn bá wọ̀ tí ẹni tó ni ẹ́ ò tíì gbà ẹ́," ló sọ fún ohùn mi, "ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa lo máa wà títí ayé."

Mo la ẹnu láti bú u. Ooru nìkan ló jáde, bíi ti ìkòkò ẹ̀wà. Kò burú. Mo gbé igbá kan nílé ìdáná kó máa gbẹnu sọ fún mi. A gun èéfín ẹni tó ń sun àgbàdo, a gbé ẹjọ́ dé ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀, tó ń léfòó lójú ọ̀run. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Oyèṣínà, wọ táì mẹ́ta.

"Ilé yín ló jẹ̀bi," ló wí. "Ilé gidi, ibi yòówù kí ẹni méjì dúró sí nínú rẹ̀, bí wọ́n bá na okùn láàárín ara wọn, okùn ò ní jáde síta. Tiyín jìn níkùn."

Inú bí igbá. "Ṣé jíjìn ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Èmi náà jìn! Ẹ kọjú mi sókè, kẹ́ ẹ na okùn láti etí mi kan sí èkejì, ṣebí òkè ọbẹ̀ ló máa gbà? Ẹ wá dojú mi dé, ẹ̀yìn mi á yọ, abẹ́ mi ni okùn máa gbà. Igbá kan náà ni, sà!"

"Ta ló pe igbá sọ́rọ̀?" lọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ó ti mú okùn.

A sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ká fi okùn yí ilé mi po, ká fà á kó le. Okùn tó le kì í wọ kòtò. Ó fo ibi tí ilé ti jìn, ó gba orí àgbàlá Látúnjí, ó kó àgbàlá, ewúrẹ́ àti ohùn mi wọnú ilé mi.

"Olè! Wọ́n ń jí ilẹ̀ mi!" ni Látúnjí ké.

"Ẹ bá okùn wí, bàbá," ni igbá fèsì.

Ó wá ku kí Oyèṣínà tú ohùn mi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, irùngbọ̀n hù, ìwo yọ, ó di òbúkọ, táì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. N kò janpata. Àyè kúkú wà láàárín ewúrẹ́. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn tó yí ilé po.

"Ọ̀gá, ti ọrùn ohùn ni kẹ́ ẹ jẹ!" ni igbá pariwo. "Oòrùn ti ń wọ̀!"

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," lọ̀gá wí. "Ẹ padà wá lọ́la."

Okùn já. Àgbàlá sún padà sọ́dọ̀ Látúnjí, tòun ti ohùn mi. Àwọn akọrin ti ń wọ aṣọ funfun. Mo kó agbára erin méje jọ, mo la ẹnu gbàgà…

Mo jí. Fóòmù wa ti jìn láàárín bí ọpọ́n. Èmi àti ìyàwó mi ti yí sínú kòtò náà, ìgúnpá rẹ̀ sì dí mi lẹ́nu. Mo gbé e kúrò.

"Ìyá Gbọ́láhàn! Ohùn mi ti padà dé!"

"Ẹ lọ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti gbà á," ló wí láìla ojú, ó sì yí lọ sétí bẹ́ẹ̀dì.

Kò pẹ́, kòtò yí i padà wá. Ìgúnpá ló kọ́kọ́ dé.