Aago Ọwọ́ Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Yọ

Gbogbo nǹkan pátá ni aránṣọ kékeré kan yí padà nínú ìtàn rẹ̀, àfi aago ọwọ́ kan. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kó yọ ọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di òǹkọ̀wé ni wọ́n. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ni wọ́n ń pàdé, kálukú á ka tirẹ̀, àwọn yòókù á tú u bí aṣọ tí kò bá ara mu. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Gé-e-kúrò nítorí pé kò sí ìtàn tí kì í gé, ló gbà á nímọ̀ràn.

"Bó bá jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé yín lo fẹ́ kọ, yí iṣẹ́ ọkọ àǹtí rẹ padà, yí ìrísí rẹ̀ padà."

Ó gbọ́ràn. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ àti ọkọ àǹtí náà ló ń gbé; káfíńtà gíga ni ọkọ yìí. Ó sọ ọ́ di bíríkìlà kúkúrú. Ṣùgbọ́n nígbà tó ka ibi tí ọkùnrin náà ti kọ́kọ́ rọra tú aago ọwọ́ rẹ̀ kó tó na ìyàwó rẹ̀, gbogbo wọn pariwo.

"Má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn o!" ni Gé-e-kúrò wí. "Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wà. Fi ránṣẹ́ sí rédíò. Èyí tí wọ́n bá kà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé."

Oríyìn pa á bí ọtí. Ó fi orúkọ àdàpè sí i, ó fi ránṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ọmọ yìí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ni gègé rẹ̀ fẹ́ kó ọ̀ràn bá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó ń lọ aṣọ ní pálọ̀, àǹtí rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì, ọkọ wà lórí àga, ni rédíò bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn bíríkìlà kúkúrú. Ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Bí ọkùnrin yìí bá dá ara rẹ̀ mọ̀, kò ní wá òǹkọ̀wé kankan lọ; ìyàwó rẹ̀ ni yóò ní ó lọ tú àṣírí.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n yí i síbòmíì?"

"Fi sílẹ̀ jàre!" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Oníjàgídíjàgan ni àwọn bíríkìlà."

Rédíò dé ibi aago. Ẹ̀rín náà dáké. Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ta lo lọ sọ fún?"

Ọwọ́ àǹtí dúró nínú ìrẹsì. Ọwọ́ ọkọ lọ sí ìdè aago. Ẹ̀rù ba ọmọ náà débi pé kò gbóòórùn aṣọ oníbàárà tó ń jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Síbẹ̀ ó rìn lọ síwájú àǹtí rẹ̀, ó dúró.

"Àǹtí ò sọ fún ẹnikẹ́ni, sà. Èmi ni mo rí i, èmi ni mo kọ ọ́. Màá kọ tòní náà."

Ìka ọkùnrin náà dúró lórí ìdè aago, kò tú u, kò dè é padà. Àǹtí, tí kò tíì gbójú sókè látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti bi í léèrè, na ọwọ́ sí rédíò, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè.