Ààwẹ̀ Ùsmán

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí tó ń jẹ Ùsmán, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló kọ́lé sí. Ikọ́ ife ni. Gbogbo oògùn tó ti lò ló ti di ojúlùmọ̀ kòkòrò náà, kò sí èyí tó ń pa á mọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi tì í mọ́ yàrá kan ní ilé ìwòsàn n'Ìkẹjà, òun nìkan, kó má baà ran ẹlòmíì. Láràárọ̀ ló ń gbọ́ fèrè bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ ike tó ti ń ṣiṣẹ́, tó ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìlúpéjú. Òun ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Oògùn tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò ló kù. Dókítà Fikáyọ̀ ti ní ebi loògùn náà máa fi pa kòkòrò. Ó sì ti kìlọ̀: bí Ùsmán bá tún rù sí i, wọn ò ní fún un, torí oògùn ọ̀hún le fún ẹni tí kò lókun. Ọ̀la ló máa gun ìwọ̀n.

Ìyàwó rẹ̀, Shukurat, yọjú láàárín irin wíńdò.

"Bàbá Ameenat, ẹ ti rù débi pé aago ọwọ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ dé ìgúnpá! Oúnjẹ tí mò ń gbé wá ńkọ́?"

Ùsmán wolẹ̀. "Ààwẹ̀ ni mò ń gbà."

"Ọlọ́run gan-an yọ̀ǹda kí aláìsàn jẹun, ẹ̀yin lẹ ò yọ̀ǹda! Dókítà o!"

Dókítà wọlé tòun ti ìbòmú. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló rán yín níṣẹ́ ààwẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ebi lẹ fẹ́ fi pa kòkòrò náà. Ṣé kí n wá máa bọ́ ọ̀tá mi ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ wá sẹ́nu Dókítà, kò jáde. "Kòkòrò náà ń dáná tiẹ̀ nínú yín. Èròjà tó fi ń gbé ara rẹ̀ ró, tí wọ́n ń pè ní àmínò, fúnra rẹ̀ ló ń sè é. Ààrò yẹn loògùn fẹ́ wó. Ẹ̀yin ò nírú ààrò bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀wà àti ẹja lẹ ti ń rí tiyín. Bẹ́ ẹ bá ń gbààwẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbà á. Òun ń yó."

Ùsmán rántí gbogbo oúnjẹ tó ti dà nù. "Bí mo bá jẹun báyìí, ṣé ìwọ̀n á gbà fún mi lọ́la?"

"N ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ jẹ."

Shukurat ti mọ́ínmọ́ín wọlé láàárín irin. Dókítà jáde, kọ́kọ́rọ́ dún lẹ́yìn rẹ̀. Ùsmán bù ú, ó wúkọ́, ó gbé e mì. Bó ṣe ń gbọ́wọ́ sẹ́nu ni aago ń yọ̀ lọ síbi ìgúnpá. Ó tì í padà, ó tún bu òmíràn.