Mọ́gáàdì Òsì

Ìyá Mardiyah, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé Hassanat ní Ṣógúnlé, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní ọjọ́ kejìléláàádọ́ta tí Hassanat ti ń ṣe opó ni Sherifdeen, àbúrò ọkọ rẹ̀, di kọ́kọ́rọ́ gáréèjì mú, tó ní òun fẹ́ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ síta.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú," ni Sherifdeen wí. "Ọkọ̀ yẹn ti pẹ́ jù níbẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ gbé fíríìsà méjì síbẹ̀, kó máa ta omi tútù. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ wá wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ."

Hassanat dúró sí ẹnu ọ̀nà tó ti inú pálọ̀ já sí gáréèjì. Ó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ, ṣùgbọ́n bí ẹni ń gbọ́ rédíò aládùúgbò ló rí létí rẹ̀. Láti àárọ̀ tí Súbérù ọkọ rẹ̀ ti ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá àsùbáà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan ṣe rí. Wọ́n sin ín, kò sunkún. Àwọn ààfáà ṣàdúà, ó ṣe àmín. Rodiat, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wá láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìwó, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Hassanat ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ẹni ń tu ọmọ ẹlòmíràn nínú. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, ó máa ń jẹ ẹ́. Bí iyọ̀ wà nínú rẹ̀, bí kò sí, kò mọ̀.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Sherifdeen bi í.

"Mo ń gbọ́ yín, ọkọ mi. Bàbá Ọlọ́runyọmí tí wọ́n ni ọkọ̀ ní àwọn ń bọ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dé."

Abẹ́ aṣọ ìbùsùn àlòkù kan ni ọkọ̀ náà wà. Ọkọ̀ eré kékeré ni, oníjókòó méjì, tó sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé fi lè fọwọ́ kan òrùlé rẹ̀. Ìgbà tí Bàbá Ọlọ́runyọmí ṣì ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú ló rà á, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó bàjẹ́, ó sì wà lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún púpọ̀ tí ìpẹtà ń jẹ ẹ́. Ọdún kẹfà rèé tí bàbá náà wọ́ ọ wá fún Súbérù. Pánẹ́lìbítà ni Súbérù, ẹni tó ń lu ara ọkọ̀ tó ti tẹ̀ kó lè gún padà. Ẹ̀bá títì ló ti ń ṣiṣẹ́ àwọn oníbàárà yòókù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí òjò tún kan èyí mọ́. Ó gbé e sínú gáréèjì ilé bàbá wọn, ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ Àìkú ló fi ń ṣe é.

Lẹ́yìn ìrun àsárì, Bàbá Ọlọ́runyọmí sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé e wá láti Òkè-Afá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Ó kí wọn kú ara fẹ́ra kù, ó sì ṣí aṣọ kúrò lórí ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí aṣọ lójú aláìsàn.

"Ó mà kù díẹ̀," ni bàbá náà wí.

"Ó kù díẹ̀, Bàbá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti pé láti ọdún tó kọjá."

"Sherifdeen ní kí n wá wọ́ ọ lọ. Màá wá ẹlòmíràn ní Ìsọlọ̀. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n á po bọ́dífílà bí ẹní po ẹ̀kọ, wọ́n á fi dí gbogbo ibi tó jin, wọ́n á kun ún. Tí oòrùn bá ti pa á lẹ́ẹ̀mejì, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Súbérù nìkan ló ṣèlérí fún mi pé irin nìkan ni òun máa lò. Ẹ rántí òòfà mi, tí kì í mú bọ́dífílà?"

"Mo rántí."

"Màá máa fi kàn án kiri, Súbérù á sì ní, 'Bàbá, níbi tí òòfà yín bá ti já bọ́, ẹ fi òòlù mi lù mí lórí.' Kò já bọ́ rí."

Hassanat gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ títí opó mi á fi parí, Bàbá. Ẹ ó bá a ní pípé."

"Pípé báwo?" ni Sherifdeen bi í. "Ta ló fẹ́ ṣe é?"

"Mo mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé."

Bàbá náà wò ó pẹ́. "Oṣù méjì àbọ̀ nìyẹn. Ṣé mo ṣì máa wà láyé?"

"Ẹ ó wà."

"Ó dáa. Sherifdeen, fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, jẹ́ kí ìyàwó ẹ mú sùúrù díẹ̀ sí i pẹ̀lú fíríìsà rẹ̀."

Ohun kan wà tí Sherifdeen kò mọ̀, tí bàbá náà kò sì mọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ojú Súbérù ti ń ṣú kó tó kú. Ó ń rí títì, ó ń rí èèyàn, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí irin ti jin díẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ pánẹ́lìbítà wà. Hassanat ló di ojú rẹ̀. Á tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí irin, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìborùn náà, á máa fà á lọ jẹ́jẹ́. Tí aṣọ bá wà láàárín, ọwọ́ máa ń gbọ́ ohun tí ojú kò lè rí. "Níbí," á wí, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Súbérù á fi òòlù kan ibẹ̀, á tún bi í, "Báyìí ńkọ́?" Nígbà tó yá, ọwọ́ Súbérù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, Hassanat sì gba òòlù. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ inú gáréèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn wá gbogbo ara ọkọ̀ náà. Kò rò nǹkan kan. Irin tutù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí irin ṣe máa ń tutù láàárọ̀: ilẹ̀kùn, bọ́ńẹ́ẹ̀tì, mọ́gáàdì ọ̀tún. Ó dé orí mọ́gáàdì òsì, èyí tó bo táyà iwájú. Níbì kan níbẹ̀, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kò tutù.

Ó fi ìka kàn án kọ́kọ́kọ́. Kò dún bí irin. Ó dún bí igbá tó kún: bọ́dífílà ni.

Ó jókòó sórí àpótí. Ó rántí ọ̀sẹ̀ méjì tó lò ní Ìwó lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Rodiat bímọ. Ọjọ́ tó dé, Súbérù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. "Mo ti parí mọ́gáàdì òsì," ló sọ fún un. "Èmi nìkan ni. Má wulẹ̀ ṣe wàhálà níbẹ̀ mọ́." Kò sì ṣe wàhálà níbẹ̀. Ó gbà á gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tí Hassanat rí bọ́dífílà náà gan-an ni Diamond wá láti Òkè-Afá. Diamond ló ń kun ọkọ̀ fún Súbérù, ó sì mọ iṣẹ́ jórinjórin díẹ̀. Nítorí pé opó kì í wà níbi kan náà pẹ̀lú ọkùnrin àjèjì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀, Ìyá Mardiyah sì gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀ wá, ó jókòó sáàárín wọn, ó ń ṣa òkúta. Ibẹ̀ ló ti rí gbogbo rẹ̀.

Diamond fi ìka kan ibi tí Hassanat fi hàn án. "Ìyá," ó wí, "ẹ jẹ́ kí n kun ún. Tí pẹ́ńtì pupa bá ti ń dán, ta ló máa mọ̀?"

"Bàbá ní òòfà."

"Bàbá ti darúgbó. Tí wọ́n bá ti jókòó sínú ẹ̀, wọ́n ti gbàgbé òòfà nìyẹn. Ọ̀gá don die, Ìyá. Ká má tún tú wọn láṣìírí."

"Diamond, ẹnu ẹ dùn ju pẹ́ńtì ẹ lọ," ni Ìyá Mardiyah wí, kò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. "Hassanat, kí ni ìwọ fẹ́ ṣe?"

Hassanat sún mọ́ mọ́gáàdì náà. Ó mú irin pẹlẹbẹ kan, ó kì í bọ etí ibi tí bọ́dífílà náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi òòlù gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò fọ́. Odidi ló ṣí kúrò bí èèpo ẹfun lára ògiri, ihò tí ìpẹtà jẹ sì hàn lábẹ́ rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Níbi tí bọ́dífílà náà ti yọ jáde láti inú ihò, àmì ìka mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n jin, wọ́n sì mọ́ kedere. Súbérù ti ki ọwọ́ kan sábẹ́ mọ́gáàdì, ó fi ìka mẹ́rin dí ẹ̀yìn ihò náà, ó ń fi ọwọ́ kejì rẹ́ ẹ láti òkè, títí ó fi gan. Ó gbọ́dọ̀ ti pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ìyá Mardiyah ní òun rò pé ẹkún ló kàn báyìí. Ó ní òun ti ń gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀ kí òun lè dì í mú. Hassanat kàn gbé nǹkan náà sórí fèrèsé, ó sì ní, "Diamond, lọ gbé ẹ̀rọ jórin wá."

Diamond jó irin tuntun mọ́ ihò náà lọ́jọ́ kan. Gbogbo ohun tó kù, Hassanat ló ṣe é. Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun àsùbáà títí dé ìgbà tí oòrùn bá mú gan-an, á fi irin kan ti mọ́gáàdì náà lẹ́yìn, á fi òòlù kan iwájú rẹ̀ pẹ́pẹ́, á tẹ́ ìborùn lé e, á fọwọ́ fà á. Àwọn aládùúgbò ní àwọn ń gbọ́ òòlù Súbérù. Ìyá Mardiyah ní kí wọ́n lọ bi Súbérù fúnra rẹ̀.

Sherifdeen ló ta kò ó. "Ìyàwó wa, mi ò tíì gbọ́ ọ rí kí opó máa lu irin. Wọ́n ní kí ẹ jókòó sínú ilé."

"Ṣé mo jáde, ọkọ mi?"

"Gáréèjì kọ́ nilé."

"Abẹ́ òrùlé kan náà ni. Bàbá yín ló kọ́ ọ mọ́lé."

Sherifdeen wo òrùlé. Ó wo òòlù. "Ẹ ṣáà rọra máa lù ú," ó wí, ó sì wọlé lọ.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá opó rẹ̀ pé. Diamond ti kun ọkọ̀ náà, ó pupa, ó ń dán débi pé ojú Ìyá Mardiyah hàn nínú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Hassanat wẹ̀, ó wọ aṣọ mìíràn, ó sì dúró sínú gáréèjì pẹ̀lú Diamond àti Sherifdeen. Bàbá Ọlọ́runyọmí dé. Ó fọwọ́ yí gbogbo ara ọkọ̀ náà ká, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú òòfà jáde nínú àpò rẹ̀.

Ó fi kan ilẹ̀kùn. Ó mú. Ó fi kan bọ́ńẹ́ẹ̀tì. Ó mú. Ó dé orí mọ́gáàdì òsì, ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀. Òòfà náà dúró sójú kan.

"Súbérù kò parọ́ fún mi," ni bàbá náà wí.

Diamond ń wo ilẹ̀. Hassanat lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi í. Ó lọ síbi fèrèsé, ó mú nǹkan náà, ó gbé e lé bàbá náà lọ́wọ́.

"Ibi kan wà, Bàbá. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, wọn ò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Abẹ́ òòfà yín yẹn ni mo ti yọ ọ́. Mo ti tún un ṣe."

"Ẹ̀yin?"

"Èmi ni."

Sherifdeen sún mọ́ wọn kó lè rí i. Bàbá náà yí i padà, ó rí àmì ìka. Ó fi ìka tirẹ̀ mẹ́rin sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ó dá a padà fún Hassanat.

"Ẹ ò bá má sọ," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Bí àwọn èèyàn bá bi mí ẹni tó lu ọkọ̀ yìí, orúkọ ta ni kí n dá?"

Hassanat rò ó. "Ẹ dárúkọ àwa méjèèjì."

Bàbá náà mi orí pé òun gbà. Ó wọ inú ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dáhùn. Ó rọra yọ ọ́ jáde, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí wọn títí ó fi yà sójú títì. Gáréèjì wá ṣófo. Òróró tó ti kán sílẹ̀ fún ọdún mẹ́fà nìkan ló kù ní àárín rẹ̀.

Diamond ti sọ fún Hassanat ṣáájú pé àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ní Òkè-Afá, pé àwọn pánẹ́lìbítà tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ ju bọ́dífílà lọ. Kò tíì dá a lóhùn. Ó wá wo ilẹ̀ tó ṣófo náà. Ó ká òòlù, irin ìtìlẹ́yìn àti bọ́dífílà alámì ìka sínú ìborùn rẹ̀, ó dì í, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí Sherifdeen.

"Ẹ lè gbé fíríìsà wọlé, ọkọ mi."

"Ìyàwó wa, níbo nìyẹn? Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

"Iṣẹ́ ni, Òkè-Afá ni mò ń lọ. Màá dé kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ìyá Mardiyah dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ Hassanat kọ́kọ́ ń wá ilẹ̀, bíi ti ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn dáadáa. Ó ní òun gbé ọwọ́ sókè, kí òun lè juwọ́ sí i nígbà tó bá bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ náà wà lókè títí Hassanat fi dé ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ Márúwá máa ń dúró sí, tó sì wọ ọ̀kan. Kò bojú wẹ̀yìn.