Ọ̀dà Tuntun ní Ilé Ilésanmí

Òórùn ọ̀dà ni ó kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró lójijì, Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́ tó ń tẹ̀ lé mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù mí. Òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta tí mo kó wá láti Adó. Mo sọ fún ara mi pé ara fèrèsé ni wọ́n kùn. Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ ara fèrèsé.

Alàgbà Ayọ̀rìndé ń pè wá láti inú pálọ̀ pé ká wọlé, ká wọlé. Òun ni ẹ̀gbọ́n olóògbé Ilésanmí tó ni ilé náà, ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Agbádá funfun ló wọ̀, bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi ń pe àgbà ní "ó". Ọ̀wọ̀ ti tán lọ́wọ́ mi.

Mo wọlé. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun báláú, láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹni tí kò bá dé ilé yẹn rí kò lè mọ ohun tó dùn mí. Èmi àti Ilésanmí Adéyẹyè jọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán ni. Èmi di tíṣà ní Adó. Òun kọ̀, ó ní yíyà lòun fẹ́ máa yà. Nígbà tí kò rówó ra aṣọ ìyàwòrán mọ́, ó kọjú sí ògiri ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní Ìgèdè yìí. Ó fi èédú, amọ̀ pupa àti ọ̀dà àṣẹ́kù yàwòrán sí i fún ọdún mọ́kànlá. Kò ya ọba, kò ya gómìnà. Obìnrin tó ń ta ata ní Ọjà Ọba ló yà, àti àwọn àgbà tíṣà tó ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì lábẹ́ igi, tí ọ̀kan nínú wọn ti sùn lọ. Lọ́dọọdún ni mo ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wá wò ó. Àwọn ọmọ tí kì í panu mọ́ ní kíláàsì, wọ́n á dákẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó ń ṣàìsàn, kò sí ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ tó yọjú. Monínúọlá ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ọsibítù lórí ọ̀kadà, tó ń fi ọ̀já so ó mọ́ ara rẹ̀ kó má baà ṣubú. Wọn kò bímọ. Nítorí náà, òkú kò tíì tutù tí ẹbí ti ń sọ ọ́ pé obìnrin tí kò bímọ kò ní ohun tó ń ṣe nínú ilé náà, pé bí wọ́n bá ti sìnkú tán, kó máa lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ṣàkọsílẹ̀ ilé àwọn ayàwòrán. Ilé tí wọ́n bá ti kọ sínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò sì máa gbé inú rẹ̀. Orúkọ Monínúọlá ni mo fi sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé kí wọ́n tó dáhùn. Olúfúnṣọ́ ní ohun kan ṣoṣo ló kù, kí àwọn fi ojú ara àwọn rí ògiri náà.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Inú mi dùn jù, mo bá pe Alàgbà Ayọ̀rìndé pé ìjọba ń bọ̀ wá wo ilé àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo rò pé ẹ̀rù ìjọba yóò jẹ́ kí wọ́n fi opó náà lọ́rùn sílẹ̀. Mo gbàgbé pé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìsìnkú. Mo gbàgbé irú ènìyàn tí a jẹ́. Ta ni í gbé òkú wọ ilé tí wọn kò tún ṣe? Àwa tí a kò ra oògùn fún aláìsàn, tó bá ti kú, a ó kun ilé rẹ̀, a ó pààrọ̀ páànù, kí àlejò má baà rí ìdí wa. Àlejò ìjọba tún wá kún un.

Alàgbà ń fọwọ́ pa ògiri. Ó ní àwọn pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ lòun lọ gbé wá láti àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kùn ún nítorí èédú yẹn kò tètè bò. Ó ń dúró kí a kí òun kú iṣẹ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò bi ẹnìkankan léèrè.

"Ta ni kí n bi, Tíṣà?" Ó yà á lẹ́nu gan-an. "Ilé àbúrò mi ni."

Ẹni tí ì bá bi wà ní yàrá ẹ̀yìn, lórí ẹní, nínú aṣọ dúdú. Wọ́n ti gba fóònù rẹ̀ láti ọjọ́ kẹta tí ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n ní opó kì í pe ènìyàn kiri. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé nígbà tí àwọn pẹ́ńtà dé, ó jáde, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Alàgbà sọ fún un pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, àlejò ń bọ̀. Àwọn obìnrin ilé ló dì í lápá mú wọlé.

Mo lọ mú un jáde. Àwọn obìnrin ilé ń kùn, mi ò dá wọn lóhùn. Mo ní kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún Olúfúnṣọ́.

Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri. Ọ̀dà kò tíì gbẹ tán, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Aláta nìyí," ó ní. "Ó ní òun ò ní wo ojú ẹni tó ń ya òun, ló jẹ́ kó kọ ẹ̀yìn sí wa." Ó sún síwájú. "Àwọn tíṣà nìyí, mẹ́fà ni wọ́n. Bí ọ̀kan bá kú láìrí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ gbà, ọkọ mi á pa bàtà rẹ̀ rẹ́, á fẹsẹ̀ lásán sílẹ̀. Mẹ́rin ni kò ní bàtà mọ́."

Báyìí ló ṣe yí pálọ̀ náà ká, ó ń tọ́ka sí funfun, kò sì ṣi ibì kankan mú. Olúfúnṣọ́ tẹjú mọ́ ọn. Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n.

"Mo gbọ́ yín, mà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nìkan ni mo lè kọ."

Mo fi fọ́tò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yà hàn án. Ó ní fọ́tò kì í ṣe ilé. Ó bi mí bóyá a lè ha ọ̀dà náà kúrò. Ẹ̀dùn ọkàn mi nìyẹn, nítorí mo mọ iṣẹ́ mi: èédú á bá ọ̀dà náà bọ́ ni. Alàgbà ní kí wọ́n má dá obìnrin náà lóhùn, ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Ó gbé míníràlì tútù wá. Olúfúnṣọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé náà mọ́ tónítóní, pé kò sí àwòrán kankan lára ògiri rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo ènìyàn ló yin ilé náà. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹrù Monínúọlá síta: àpótí kan, ẹní, sítóòfù. Mo fi ọkọ̀ mi gbé e wá sí Adó. Yàrá kan lẹ́yìn ilé mi ló ń gbé báyìí. Bó bá ti gbàgbé ara rẹ̀, á ní òun fẹ́ lọ gbá "ulé" òun, ilé tó wà ní Ìgèdè.

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, èmi àti òun ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí Alàgbà Ayọ̀rìndé pè. Ọwọ́ mi kò mọ́, mo jẹ́ kí fóònù máa sọ̀rọ̀ síta. Ó ní àwọn kan wá láti yunifásítì, wọ́n ń béèrè ilé ayàwòrán. Wọ́n dúró ní pálọ̀, wọ́n ń wo òun, òun ń wò wọ́n. Ìtìjú ni.

"Ògiri yẹn ṣófo jù, Tíṣà," ó ní. "Ẹ bá mi mú ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín wá, kó ya nǹkan kékeré sí i, ohun tó bá ṣáà ti jọ ti àbúrò mi."

Monínúọlá nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ṣe mí bíi kó bú u. Kò bú u, orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó ní. "Mo mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá fi han ọmọ náà."

 Alàgbà ní kò pọn dandan, ohun tó bá wu ọmọ náà ni kó yà, kí ògiri ṣáà ti kún. Ó ní kó gbé fóònù fún Tíṣà.