Àwọn Tó Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọ̀gá ló fi dandan lé e pé kí àwọn panápaná lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Badagry. Ọ̀gá yìí kan náà ló tún ní òun ò ní sanwó rẹ̀, ká má tiẹ̀ wá sọ ti ìrìnàjò. Ó ní ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ò sí lẹ́nu iṣẹ́.

Fàúsátù, àgbà láàárín wọn, ò bá a jiyàn. Ìwé ara ògiri ló nawọ́ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ti Badagry bọ̀, ṣọ́ọ̀bù kan gbiná ní Ìyànà Ìbà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ pa á. Ọ̀gá ló kọ ọ́ síwèé, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yẹn, tó ń fi fọ́nnu.

"Ẹ bá wa kà á, sà."

Ohùn ọ̀gá lọ sílẹ̀. "Àwọn òṣìṣẹ́ mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló pa iná náà."

"Ẹ ṣé, sà. Owó ojú ọ̀nà ti yanjú nìyẹn. Ó ku ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́."